Ewé Lójú Ọ̀nà Agbówà

Ihò bọ́tìnì kẹfà ni mo ń fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé yẹn nígbà tí Àlàájì ti géètì wọlé. Mo mọ̀ pé òun ni kí n tó gbójú sókè, nítorí òun nìkan ni kì í kan géètì wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé ló ti ń wọlé bẹ́ẹ̀, ikú àbúrò rẹ̀ kò sì yí i padà. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e. Epo ẹ́ńjìnnì ti sọ aṣọ ọkùnrin náà di dúdú, ó sì mú sípánà mẹ́ta lọ́wọ́.

Mo gbé aṣọ ilé-ìwé tí mo ń rán sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, Ìyàwó. Ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ó ń pè ẹ́?"

"Ó pè ní Sọ́ńdè, sà."

"Ó dáa. Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń bèèrè omi mímu ló ṣe sọ ọ́. Mo mú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lórí ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó gbà á, ó sì jù ú sínú àpò jálámíà rẹ̀. Ó ní mẹkáníìkì ni ọkùnrin tó tẹ̀ lé òun. Ó fẹ́ kó wo mọ́tò náà, kó sọ bóyá a lè tà á bó ṣe wà, àbí a ní láti tún un ṣe ká tó tà á.

 Àpò jálámíà náà ni mo ń wò.

Ọkọ mi àti Àlàájì jọ ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní Mile 12. Wọ́n máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń kó o bọ̀ láti ọ̀nà Ìtòìkín àti Ẹ̀pẹ́, àwọn obìnrin ọjà á sì wá rà á lọ́wọ́ wọn. Inú iṣẹ́ yẹn ni ọkọ mi ti ra mọ́tò náà, àlòkù, aláwọ̀ ewé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Ó ní kí àwọn tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ bá òun kọ Ẹ̀SỌ̀ sí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà funfun. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi ẹ̀sọ̀ wà á. Bí mo bá jókòó tì í, igi ni mo máa ń rí tó ń sá sẹ́yìn, n kì í rí ewé.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló mú un lọ. Ní ọjọ́ fídáù ogójì, nígbà tí ẹbí jókòó lórí ohun tó fi sílẹ̀, Àlàájì ló dá ẹjọ́ mọ́tò. Ó ní kó wà lọ́wọ́ mi. "Bó bá ń lò ó, tí mọ́tò náà sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀, tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tó bá di ẹrù sí i lọ́rùn, a ó tà á, a ó sì kó owó rẹ̀ fún un." Kò sí ẹni tó ta kò ó. Èmi náà rí i pé ó tọ́. Nígbà yẹn, n kò tilẹ̀ mọ mọ́tò wà.

Nígbà tí mo parí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó, mo lọ kọ́ ọ ní Kẹ́tù. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kọ́ ọ. Olùkọ́ mi máa ń sọ pé, "Mummy, iwájú ni ọ̀nà wà o. Dígí ẹ̀yìn lẹ̀ ń wò ṣáá." Òótọ́ ló sọ.

Ìkòsì tí à ń gbé kì í dákẹ́. Láti aago márùn-ún ìdájí ni àwọn ayálégbé á ti máa sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin á máa dún nínú ọgbà kan ṣoṣo. Àwọn tírélà tó kó tòmátì àti àlùbọ́sà dé láti òkè Ọya á máa fun fèrè ní Mile 12, a ó sì máa gbọ́ ọ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sí èyí tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ti wà nílé ọkọ ní Jọ́ọ̀sì. Mo ní ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, ojú ewé àkọ́kọ́ sì ni ìwọ̀n ọkọ mi wà: ọrùn, ínṣì mẹ́rìndínlógún, apá, ínṣì mẹ́rìnlélógún. Bí mo bá ṣí ìwé náà láti wá ìwọ̀n ẹlòmíràn, mo máa ń ka tirẹ̀ kí n tó kọjá.

Nígbà tó wà, bí mo bá jáde, mo máa ń fláàṣì rẹ̀ tí mo bá ti padà wọlé. Màá jẹ́ kí fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, màá sì gé e kó má baà jẹ owó, òun náà á sì mọ̀ pé mo ti délé. Lẹ́yìn tó kú, mo ṣì máa ń wọlé, mo ṣì máa ń mú fóònù jáde nínú báàgì, màá wá dá a padà síbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí mo jáde, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí mo dé.

Ọgbọ́n orí mi kọ́ ló kọ́ mi láti máa rọra wakọ̀. Ilé-ìwé kékeré kan ní Agbówà ló ní kí n rán aṣọ mẹ́rìnlélógún fún àwọn ọmọ tuntun. Mo kó wọn lọ ní Sátidé kan, oṣù kejì tí mo gba ìwé ìwakọ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀, tó kù díẹ̀ kí n dé Ìmọ̀ta, bàbá arúgbó kan wà níwájú mi lórí kẹ̀kẹ́. Ó di ìdì ẹyìn mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, ó sì ń wà á lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé gbogbo ọjọ́ yẹn tirẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí láti yà á sílẹ̀. Ọ̀nà náà tóóró, tírélà sì lè yọ lójijì níbi kọ́nà. Mo bá fi jíà sí méjì, mo rọra tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ tó ń fi eré mọ́tò hàn sùn sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdo.

Nítorí pé a kò sáré, atẹ́gùn kò fẹ́ wọlé mọ́. Ooru mú mi, mo yí gíláàsì wálẹ̀ pátápátá. Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ọ̀nà yẹn. Mo gbọ́ bí ewé ẹ̀gẹ́ ṣe ń fara kan ara wọn nínú oko. Mo gbọ́ ẹ̀lulùú tó ń ké nínú igbó bí ẹni ń da omi jáde lẹ́nu ìgò. Òórùn fùfú tí wọ́n rẹ sínú omi gba ojú fèrèsé wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ òórùn ilẹ̀ tútù, lẹ́yìn rẹ̀ òórùn èéfín igi. Mo ti gba ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ọkọ mi tó ìgbà ogún, n kò gbóòórùn ohunkóhun níbẹ̀ rí àyàfi epo.

Bàbá náà yà sí ọ̀nà oko rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan sókè láìwẹ̀yìn, láti dúpẹ́ pé n kò fun fèrè mọ́ òun. Ọ̀nà ṣófo níwájú mi. Mo lè sáré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀. Bí mo ṣe ń rọra lọ bẹ́ẹ̀ ni mo rí afárá kékeré kan tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Odò abẹ́ rẹ̀ kò tóbi, àmọ́ ní apá ọ̀tún, ó tẹ́ sílẹ̀ di adágún, òṣíbàtà sì bo ojú rẹ̀. Òdòdó wọn funfun. Àwọn ẹ̀gà ti so ilé kún orí ọ̀pẹ méjì tó wà létí omi, ọ̀rọ̀ wọn kò sì tán. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ koríko, mo pa ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí mo wo aago, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ.

Mo ti ń gbìyànjú láti ọjọ́ yẹn láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo dá wà níbẹ̀, kò sì dùn mí. Nílé, àga kejì wà nídìí tábìlì, ó ń wò mí. Létí omi yẹn, kò sí ibi tí ẹnì kejì ti jókòó rí.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé tí òjò kò bá rọ̀ ni mo ń lọ. Mo máa ń kúrò nílé ní aago mẹ́sàn-án, kí n lè kọjá Mile 12 kí ọjà tó kún dé ojú títì. Lẹ́yìn Ìkòròdú, bí ilé bá ti ń dín kù, màá fi jíà sí mẹ́ta. Lẹ́yìn Ìmọ̀ta, màá fi sí méjì. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi á fun fèrè, wọ́n á bú mi, wọ́n á kọjá. Mo mọ ìgbà tí òṣíbàtà máa ń pa òdòdó rẹ̀ dé: bí aago méjìlá bá ti ń sún mọ́lé ni, tí oòrùn bá mú. Mo mọ ẹyẹ kékeré kan tó ní ẹ̀yìn búlúù àti ẹnu gígùn, tó máa ń bà lórí ọparun gbígbẹ, tí á jábọ́ sómi bí òkúta, tí á sì gbé ẹja dìde. Ó máa ń kùnà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú ẹyọ kan. Mo kà á.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni ewé.

Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà oko mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, wọ́n á já ẹ̀ka igi tútù, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ náà àti níwájú rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀, kó sì rọra. Kò sí ẹni tó ń kọ́ni. A kàn ń dàgbà bá a ni. Ní Sátidé kejì, tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí gbogbo ara mọ́tò gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo já ẹ̀ka mẹ́fà, mo ka ogún ìṣísẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ́ mẹ́ta síbẹ̀; mo ka ogún síwájú, mo tẹ́ mẹ́ta tó kù. Ó di bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí mo bá ń lọ, màá kó wọn kúrò.

N kò rò ó pé ewé yẹn ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dúró jẹ́ ti awakọ̀ kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti Ìtòìkín. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń fi aṣọ inura nu ọrùn.

"Mummy, ẹ kú ewu. Kí ló ṣe é?"

Mo wo ojú rẹ̀, mo wo omi. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, opó, tó fi ìborùn dúdú borí, tó dá jókòó sétí odò. Bí mo bá ní omi ni mò ń wò, yóò rò pé mo fẹ́ kó sínú rẹ̀.

"Ó gbóná ni," ni mo wí. "Mò ń dúró kó tutù."

Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan rédíétọ̀.

"Mummy, ó ti tutù o. Ó tutù ju èmi gan-an lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun náà tún ni. "Mummy, ṣé mọ́tò yìí bá ibí yìí ṣe àdéhùn ni?" Ní ìgbà kẹta, ó rìn yí mọ́tò náà ká, ó ka ohun tó wà lára gíláàsì ẹ̀yìn.

"Ẹ̀SỌ̀. Ṣé kì í ṣe mọ́tò àbúrò Àlàájì ọlọ́gẹ̀dẹ̀ nìyí?"

"Òun ni. Ìyàwó rẹ̀ ni mí."

Ó ṣí fìlà. "Ọlọ́run á kẹ́ ẹ. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n, Mummy, ẹ ta mọ́tò yìí kó tó tà yín."

Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á dé Mile 12. Ọwọ́ Àlàájì ni ó máa ń já ẹrù rẹ̀ sí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bà mí jẹ́. Àánú mi ló ṣe é. Ó sọ fún Àlàájì pé mọ́tò àbúrò rẹ̀ ń dá ìyàwó dúró sínú igbó ní gbogbo Sátidé, níbi kan náà, àti pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aburú á bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àlàájì fi mú mẹkáníìkì wá.

Mẹkáníìkì náà lo bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nídìí mọ́tò. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àlàájì, ó tá a, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

"Àlàájì, mọ́tò yìí le koko. Ẹni tó ń wà á ń tọ́jú ẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ nìkan ló ti ń jẹ díẹ̀, bí ti ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù."

Àlàájì yíjú sí mi. "Ìyàwó, kí ló wá ń dá ẹ dúró síbẹ̀?"

 Ó ní kí mẹkáníìkì lọ dúró níta géètì. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan wà tó o máa ń bá pàdé níbẹ̀? Bó bá wà, sọ ọ́. Kì í ṣe èèwọ̀. O ti ṣe opó rẹ tán, gbogbo ẹbí ló sì rí i. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé inú igbó lẹ ti máa ń ríra."

"Kò sí ẹnì kankan, sà."

"Kí ló wá wà níbẹ̀?"

"Omi ni, sà. Mo máa ń wo omi. Àti ẹyẹ."

Ó ń wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn tó ní òun ti gbádùn.

"Omi kò sí ní Ajégúnlẹ̀ tó wà nítòsí níbí? Omi ń wọlé bá àwọn èèyàn nínú yàrá lọ́hùn-ún. Ṣe ló yẹ kó o lọ bá wọn wò ó."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí n kò bá rí ọ̀rọ̀ tí yóò yé e, kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ní jáde nínú àpò rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ìkà. Ohun tí ẹbí fẹnu kò sí ló fẹ́ ṣe: mọ́tò tó bá wúlò ni wọ́n ní kó wà lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé ohun tó wúlò fún mi jù lọ ni pé ó ń gbé mi lọ síbi tí n kò ti ní ṣe nǹkan kan?

"Àlàájì," ni mo wí, "ẹ jẹ́ kí n gbé yín débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú yín."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ní ẹrù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Obìnrin kò fi mọ́tò gbé e rí, ó sọ ọ́ fún mi kí a tó dé Owódé. Títí dé Ìkòròdú, fóònù ni ó ń pè, ó ń bá àwọn èèyàn jà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù àti èyí tí kò gbó. Bí mo ṣe sọ jíà kalẹ̀ lẹ́yìn Ìmọ̀ta, ó wo èmi, ó wo ọ̀nà.

"Ìyàwó, ìgbín ti kọjá lára wa o."

"Ẹ má bínú, sà."

"Rárá, máa bá a lọ. Ó kàn kí wa ni."

Ó tún tẹ fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó gbé e sókè, ó gbé e sójú fèrèsé, kò rí nǹkan kan. Ó fi í sínú àpò. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi èmi, kò sì sí ohun tí àwa méjèèjì ní láti sọ.

A dé ibẹ̀ ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko bí mo ṣe máa ń ṣe, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo bọ́ sílẹ̀, mo já ewé, mo ka ìṣísẹ̀ mi sẹ́yìn, mo kà á síwájú. Àlàájì ń wò mí láti inú mọ́tò. Mo padà wá jókòó.

Òdòdó òṣíbàtà ṣì là. Àwọn ẹ̀gà ń jà. Lámilámi méjì ń lé ara wọn lókè omi. Mo fi ẹyẹ aláwọ̀ búlúù náà hàn án lórí ọparun rẹ̀.

Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "Ìgbà wo ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ni, sà?"

"Ohun tá a wá wò."

"Òun là ń wò yìí, sà."

Ó mí kanlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti àga. Ẹyẹ náà jábọ́ sómi, ó kùnà. Ó tún jábọ́, ó tún kùnà. Ní ìgbà kẹta, Àlàájì tẹ orí síwájú díẹ̀. Ẹyẹ náà kùnà. Ní ìgbà kẹrin, ó gbé ẹja kékeré kan dìde tó ń dán lẹ́nu rẹ̀, mo sì gbọ́ tí Àlàájì rọra sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n," bí ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iye tó pè.

Ó ń wò ó títí ẹyẹ náà fi gbé ẹja mì.

"Ó dúró níbí rí?"

Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ni ó ń bèèrè. "Rárá, sà. Ó máa ń kọjá ni."

"Èmi náà," ni ó wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọjá."

A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ awakọ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà yọ. Ó rí ewé, ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ó dúró lẹ́yìn wa. Bó ṣe rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pàtẹ́wọ́.

"Àlàájì! Ẹ̀yin náà ti kó sí i. Mo ní kí ẹ ta nǹkan yìí. Kí ló tún ṣe é?"

Mo di ọwọ́ mú lórí itan. Mo rò pé òun ni yóò sọ ọ́, gbogbo Mile 12 á sì fi mí rẹ́rìn-ín títí di ọdún tó ń bọ̀.

Àlàájì yọ orí sí i lójú fèrèsé. "Ó gbóná ni," ni ó wí. "À ń dúró kó tutù."

"Ẹ rí i! Mo sọ ọ́!" Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan sílẹ̀ fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

N kò wo Àlàájì, òun náà kò wò mí. Òdòdó ti ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó rìn láti etí ọ̀dà dé etí omi, ó sì rìn padà. Ó wo ibi tí táyà mọ́tò wà.

"Ìyàwó, koríko ibí yìí fẹ̀. Mọ́tò méjì á dúró síbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tírélà ò sì ní kàn wọ́n. Bí ò bá ṣe pé o fẹ́ kí ẹnì kan dúró, kí lo ń já ewé sí?"

Èmi náà wo táyà náà. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbẹ̀, táyà méjì mi máa ń wà létí ọ̀dà gan-an. Mo ti ka ogún ìṣísẹ̀ sẹ́yìn àti ogún síwájú ní gbogbo Sátidé. Èmi tí mo máa ń wọn ohun gbogbo, n kò wọn ibú koríko yẹn rí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni.

Ó bá mi kó ewé náà kúrò lójú ọ̀nà. Ó kó ti iwájú, mo kó ti ẹ̀yìn.

A wọ mọ́tò, a kọrí sílé. Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Ìmọ̀ta, ó dún títí dé Ìkòròdú, kò gbé e. Nígbà tí a dé Ìkòsì, mẹkáníìkì ṣì wà níbi géètì, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Àlàájì, ṣé kí n wá ẹni tó máa rà á?"

"Kí la fẹ́ tà? Ṣé ìwọ kọ́ lo ní ó le koko ni?"

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó wá ìṣó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó fi ọwọ́ ní kí n dìde. Ó wo aṣọ ilé-ìwé tí mo gbé sílẹ̀ lórí tábìlì, ihò bọ́tìnì kẹfà tí n kò tíì rán parí, àti àga kejì. Ó jáde, ó dé géètì, ó tún padà wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Nọ́ńbà mi wà nínú fóònù rẹ?"

"Ó wà, sà."

"Ní Sátidé, bó o bá ti padà délé, fláàṣì mi. Mi ò ní gbé e. Màá kàn mọ̀ pé o ti dé ni."